Fún Àbẹ̀ní, Tí Wọ́n Ní Kó Máa Yan Ìlú tí Iná Yóò Dé

Ilé Ẹ̀rọ,
Òmù-Àrán.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àbẹ̀ní mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi mọ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá ọ níbi tí o ti ń ka ìwé yìí. Bàbá rẹ ń kí ọ. Gbogbo ará ilé ẹ̀rọ ń kí ọ, wọ́n ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé àwọn ń fi ọ́ yangàn ní gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, mo mọ̀ pé ìdáhùn mi kò tẹ́ ọ lọ́rùn. O ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ, ohùn rẹ ń fò fún ayọ̀, èmi kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo wá ní kí n lọ wo ẹni tó ń dúró dè mí níbi ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó ń dúró. Ọ̀rọ̀ tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ló dí mi lẹ́nu. Mo ní kí n má fi tẹlifóònù dáhùn, kí ọ̀rọ̀ má baà já ní agbede méjì. Ìwé ni mo ní kí n kọ, kí o lè kà á lẹ́ẹ̀kan, kí o tún kà á lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí inú bá ń bí ọ sí mi.

O ní àwọn ọ̀gá yín pe gbogbo ẹ̀yin tuntun jọ, wọ́n sì kọ́ yín pé lẹ́yìn ìgbà tí àìsàn sé gbogbo ayé mọ́lé, tí ọjà dá páropáro, agbára ló gbé àwọn orílẹ̀-èdè dìde padà: epo, gáàsì, iná mànàmáná, oòrùn, omi tó ń yí ẹ̀rọ. Wọ́n ní níbi tí agbára kò bá ti dúró sójú kan, kò sí ohun tí yóò dúró: owó búrẹ́dì kò ní dúró, ọkọ̀ kò ní dúró, ilé ìwòsàn kò ní dúró. Ọmọ mi, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní ìyẹn, torí ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n o tún ní ẹ̀ka tí wọ́n fi ọ́ sí ni ẹ̀ka tó ń yan ìlú tí wáyà tuntun yóò kọ́kọ́ dé, àti ìlú tí yóò máa dúró. O ní ọ̀gá rẹ gbé ìwé kan síwájú rẹ. Ìwé náà ní àwọn ìlú apá ọ̀dọ̀ wa kò lè mú èrè wá, kí wọ́n fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ pátápátá. O ní ìwọ ni ó fẹ́ kí o fọwọ́ sí i, nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ni ọ́, bí ọmọ ibẹ̀ bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jiyàn? Ó fún ọ títí di ìparí oṣù. O wá bi mí pé, "Màmá, kí ni kí n ṣe?"

Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò sọ fún ọ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ.

Èkíní, má ṣe fọwọ́ sí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ kò gbé ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ojú rẹ wò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, ìwọ jẹ́ ọmọ oṣù méje lẹ́yìn mi. Nígbà yẹn, márùn-ún ni wá tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú iṣẹ́ wa, iná ìjọba sì ni gbogbo wa ń lò. Èmi ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn méjì ń lọ ata àti ẹ̀wà, ọ̀rẹ́ wa Káríìmù ń jó irin, obìnrin kan sì ń ta omi dídì. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdírì kí owó tó tán. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni tiransifómà wa bú gbàmù, ó rú èéfín dúdú, iná sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ sí Ìlọrin láti lọ tún un ṣe. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá.

Ọkùnrin kan wá dé pẹ̀lú ọkọ̀ funfun. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi lórí àpótí, kò bìkítà fún ìyẹ̀fun tó wà lára rẹ̀. Ó wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ó ní ọwọ́ mi dára ju ti àwọn akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì òun lọ. Ó fi ìka kan ọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní èmi lo jọ. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé kan jáde.

N kò ní purọ́ fún ọ pé n kò kà á. Mo kà á tán. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti tún tiransifómà ṣe, wọ́n ti gbé e padà sórí òpó, iná sì ń jó ní àdúgbò wa. Mo gbé ojú sókè wo òpó náà. Ẹyẹ ló bà sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, a kò tíì rí i o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwé ló máa ń ṣáájú iṣẹ́, madámù. Ẹ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé, ẹ̀rọ tiyín ni a óò kọ́kọ́ fa wáyà sí."

Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ ìwé yìí sí ọ náà ni.

Mo ti ronú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, Àbẹ̀ní, ohun tó mú mi. Kì í ṣe wáyà tí ó ṣèlérí nìkan. Ohun tó mú mi ni pé ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ẹni ńlá jókòó níwájú mi tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó já mọ́ nǹkan. Ẹni tí yóò mú ọ so kì í kọ́kọ́ fi okùn hàn ọ́, iyì ni yóò kọ́kọ́ fi hàn ọ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ bá ń sọ pé ìwọ ni òun gbẹ́kẹ̀ lé, pé ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ wúlò, rántí ọkùnrin tó jókòó lórí àpótí mi.

Kò padà wá. Nígbà tí àwọn àgbà ìlú lọ sí Ìlọrin láti lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ìwé kan hàn wọ́n láti òkèèrè, wọ́n ní ìlú yín ti ní iná, kí lẹ tún wá ń wá? Àwọn àgbà padà wálé, wọ́n ní olè kan ló ti ta wá. A ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣépè fún olè náà, èmi akọ̀wé sì ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Mo kọ gbogbo èpè náà pẹ̀lú ọwọ́ mi, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ fún.

Èkejì ni pé kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ayé jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí iná kò dé, bàbá rẹ ta alùpùpù rẹ̀, a fi ra ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì. Ó ń dún, ó ń rú èéfín, ṣùgbọ́n ó ń lọ ẹ̀gẹ́. A ní a ti bọ́. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ rí. Awakọ̀ tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá fún wa ló sọ fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí owó epo fi ń fò lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Ó ní wọ́n ń jà níbi tí epo ti ń wá. Inú bí mi. Mo ní kí ni ó kan ẹ̀gẹ́ Òmù-Àrán nínú ìjà wọn? Ó kàn gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kò mọ̀.

Bí owó epo ṣe lọ kọjá agbára wa nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ ń kọ́ yín lórí àga tó ń yí, pé ìbọn lè dún ní òpin ayé kí ebi sì pa ọmọ ní Rórè tó wà nítòsí wa níbí.

O mọ Ìyá Rórè. Ìgbà tí o dàgbà tí o mọ̀ ọ́n, arúgbó ni. Nígbà náà, ó lágbára ju ọkùnrin lọ, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló tóbi jù nínú ti àwọn obìnrin ìlú wọn. Ó háyà ọkọ̀ kan, ó kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá bá mi, òkìtì rẹ̀ ga tó orí ilẹ̀kùn. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì, pé bàbá rẹ ti lọ wá epo. Ó di ọjọ́ mẹ́rin. Ó di ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó padà wá, kò bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó jókòó sórí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀gẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣẹ́ ẹ, ó ń wò ó bóyá funfun ṣì kù nínú rẹ̀. Ó ṣẹ́ èyí, ó jù ú sílẹ̀. Ó ṣẹ́ òmíràn. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀ní, ilẹ̀ ṣe tiẹ̀. Òjò ṣe tiẹ̀. Èmi náà ṣe tèmi. Ta ni kò ṣe tiẹ̀?"

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, ìwọ ń fa gèlè mi.

Gbogbo ìlà wa ló kú lẹ́yìn náà. Obìnrin olómi dídì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn aláta padà sí orí ọlọ. Káríìmù di irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó kó lọ sí ìlú tí iná wà. Ó wá dágbére fún mi, ó ní òun yóò padà bí iná bá dé. Mo ní kó lọ ní àlàáfíà. N kò sọ fún un pé èmi ni.

Èyí tó kàn yìí, bàbá rẹ kò ní fẹ́ kí n kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀nà dí, a gé igi irú oko bàbá rẹ̀, a fi sun èédú tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù. Igi tí bàbá bàbá rẹ̀ bá nílẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré la fi gé e tán. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́bàá oko lọ́jọ́ tí èyí tó kẹ́yìn wó, ó wò wá, ó padà sílé, kò sì jẹ ọbẹ̀ mi mọ́ títí ọdún náà fi parí. Irú tí à ń sè nínú ilé yìí lónìí, ọjà la ti ń rà á.

Nítorí náà, agbára tó bá ń mú ọwọ́ àwọn òbí gbóná tó sì ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ, má fọwọ́ sí ìyẹn náà, bó ti wù kó rọrùn tó. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde nínú ìpàdé yín pé àwọn ará oko ló ń ba igbó jẹ́, pé òpè ni wọ́n, má tẹ orí ba. Bi í pé: kí wọ́n tó mú àáké, ta ló kọ́kọ́ pa iná wọn? Àwa kọ́ la gé igi yẹn nìkan. Ẹni tó gbé ìwé wá àti ẹni tó rán an wà nídìí àáké náà pẹ̀lú wa.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Rórè kò kúrò létí mi. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mo kà á, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi."

Ìyàwó Káríìmù, tí ọkọ rẹ̀ ti lọ tó sì ṣẹ́kù òun nìkan pẹ̀lú àwọn ọmọ, gbé àpótí rẹ̀, ó jáde. Wọ́n gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Bàbá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, ó sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó jẹ́ pé ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀ tí mo bá wà nínú yàrá: "Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti jáde." O kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ dáadáa.

Ìyá Rórè nìkan ló bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Ohun tó o sọ yìí, ṣé o lè sọ ọ́ lójú wọn ní Ìlọrin?" Mo ní mo lè sọ ọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Obìnrin mọ́kànlá ni wá. A kó ẹ̀gẹ́ tó ti rà náà sínú agbọ̀n, a gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Kí a tó dé Àjàṣẹ́, awakọ̀ ti ṣí gbogbo fèrèsé, ó ń bẹ̀ wá pé kí a dà á nù. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì náà, máígáàdì ní ọ̀gá kò sí nílé. Ìyá Rórè ní kò burú, a óò dúró. A to agbọ̀n wa sí ọ̀nà àbáwọlé, a jókòó tì í. O mọ bí ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ ṣe ń rùn. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ọ̀gá tí kò sí nílé ti jáde, ó fi áńkáṣífù bo imú.

Ó ní, "Ẹ gbé ẹ̀gbin yìí kúrò níbí."

Ìyá Rórè kò dìde. Ó ní, "Gàrí ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ẹ̀gbin."

Ó pàṣẹ kí wọ́n mú fáìlì wá. Ó na ìwé náà sí wa, ó ní iná wà ní àdúgbò yín, akọ̀wé yín ló fọwọ́ sí i. Mo bọ́ síwájú. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, o ti ń rìn nígbà náà, ṣùgbọ́n mo pọ̀n ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Èmi ni akọ̀wé náà. Irọ́ ni mo fọwọ́ sí."

Ó ní ṣé mo mọ̀ pé wọ́n lè torí ìyẹn tì mí mọ́lé. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Màá sọ ẹni tó gbé e wá fún mi, kí ẹ̀yin náà sọ ẹni tó rán an."

Ó wò mí. Ó wo àwọn obìnrin mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn mi. Ó pa fáìlì náà dé.

Wọn kò dá wa lóhùn lọ́jọ́ náà. A padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, a tún kó agbọ̀n dání. A lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkọ̀ ńlá kan gbé tiransifómà wọ àdúgbò wa. Kì í ṣe tuntun, wọ́n kàn kùn ún ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sókè tí wọ́n sì so ó, ẹ̀rọ mi ta kìjí, ó dún.

N kò ní fi adùn bo ìtàn yìí fún ọ. Káríìmù kò padà wá mọ́. Ó ti fìdí múlẹ̀ níbi tó lọ, ó wá kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, títí dòní kò sí ajórin tó mọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ funfun kò jìyà kankan. Mo gbọ́ pé wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì gbé e ga. Ẹgbẹ́ kò fi mí sí ipò kankan mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ṣe. Irọ́ tí mo pa kò san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iná dé ni mo fẹ́ kí o gbé lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ. Àwọn aláta ló kọ́kọ́ padà. Olómi dídì ṣílẹ̀kùn. Àwọn obìnrin Rórè fẹ oko wọn, nítorí ọkàn wọn balẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ kò ní rà mọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó gàrí. Ilé ìwòsàn tan fíríìjì rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ kò bàjẹ́ mọ́. Ẹnì kan kọ́ ààrò búrẹ́dì. Nígbà tí àìsàn tó sé ayé mọ́lé dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí ohun gbogbo tún dúró, ọ̀nà kan náà la gbà dìde: ẹ̀rọ kọ́kọ́ dún, ènìyàn tẹ̀ lé e. Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba nìyẹn. Ilé tiwa tó bá jó, ẹni tó bá tan iná fún un ló bu ẹwà sí i. Ọrọ̀ ajé ayé tí wọ́n ń kà sí yín létí, kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ló ti ń dìde.

Wọ́n ní ìlú wa kò lè mú èrè wá. Ta ló sanwó ilé ìwé rẹ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí o fi di ẹnjiníà? Ẹ̀gẹ́ tí iná yẹn lọ̀ ni. Ìwọ gan-an ni èrè tí wọ́n ní a kò lè mú wá. Ọ̀gá rẹ gbé èrè náà jókòó síwájú tábìlì rẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i pé kò sí. Má gbà fún un.

Nítorí náà, èyí ni ohun tí mo ní kí o ṣe. Gba àyè ọjọ́ mélòó kan, kí o wá sílé. Má dúró lọ́dọ̀ mi kí o máa jẹun. Lọ sí Rórè, lọ sí Òkè-Ọdẹ, kódà bí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Wo àwọn ẹ̀rọ tó dúró tí ìpẹtà ti ń jẹ. Bi àwọn tó ni wọ́n ní ohun tí wọn ìbá fi wọ́n ṣe. Gbogbo ohun tí o bá rí, kọ ọ́, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, má purọ́ nítorí tiwa bí mo ṣe purọ́ nítorí tèmi. Bí o bá rí i pé ìlú kan yẹ kó ṣáájú wa lóòótọ́, kọ ìyẹn náà. N kò ní bínú. Ohun tí n kò ní gbà ni kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí máa sọ iye tí a tó fún wa.

Má bú ọ̀gá rẹ. Ẹni tó bá bú ọ̀gá rẹ̀ ti fi pàṣán lé e lọ́wọ́. Kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀, fi ìwé tìrẹ lé orí tábìlì rẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ni mo rí." Lẹ́yìn náà kí o dìde dúró. Bí wọ́n bá lé ọ, ilé wà. A kì í kú sí ìyẹn.

Ó ku díẹ̀ tí n kò fẹ́ gbàgbé. Máa kí àwọn tó ń gun òpó, kí o mọ orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń fi ẹ̀mí wọn so wáyà tí ẹ̀yin ń yà sórí ìwé. Ibikíbi tí ẹ bá sì gbé iná lọ, ẹ kọ́ ọmọ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe kí ẹ tó padà. Àwọn kan fi inú rere gbé iná oòrùn wá sí abúlé kan nítòsí Rórè, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ó bàjẹ́ láàárín ọdún kan. Aṣọ ni wọ́n ń sá sórí rẹ̀ báyìí. Jẹun lásìkò. Má fi ìrun falẹ̀. Ọkùnrin tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àbúrò rẹ, tí o rò pé n kò ní gbọ́, mú un wá kí n rí i. Bí kò bá lè jókòó sórí àpótí nínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ láìgbọnra, kò sí ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n bó bá tún ń yin ọwọ́ ìkọ̀wé mi, màá lé e jáde.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́rọ kan láti Òkè-Ọdẹ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ iná náà ni. Wọ́n ti kọ lẹ́tà títí ó ti sú wọn, wọ́n ní kí n wá bá wọn jókòó. Bàbá rẹ ní mo ti dàgbà jù fún wàhálà, ọ̀nà ti bàjẹ́, àwọn ọ̀gá ìsinsìnyí kò sì bẹ̀rù òórùn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti se ọbẹ̀ tí yóò tó o fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni màá wọ̀ lọ́la.

Èmi ìyá rẹ tí kò ní dákẹ́ mọ́,
Sàlámọ̀tù.